Kí Bọ́ọ̀lù Tó Wọ Ihò: Ta Ni Ọkọ̀ Ẹ̀bùn Tọ́ Sí?

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ Sátidé náà tí èrò ti kún ẹnu Géètì Jakande ní Ìsọlọ̀. Àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń ké Òṣòdì, wọ́n ń ké Cele. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń já èrò sílẹ̀ láti apá Òkè-Àfà. Epo ti gbóná nínú agbada alákàrà. Ẹ̀gbọ́n tí mo fẹ́ bá jáde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà náà. Ó dé fìlà funfun, ó sì fi bàtà kánfáàsì rẹ̀ sínú ọ̀rá kí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà má baà ta sí i. Kádì ni. Òun ló ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tó ń wo ibi tí atẹ́gùn kọjú sí, tó ń sọ ọ̀pá tó yẹ kí wọ́n fà yọ, tó sì ń wá bọ́ọ̀lù wọn nínú koríko.

Ẹni tó bá ń wá pápá gọ́ọ̀fù ní Jakande Estate kò ní rí i. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 títí di ìparí ọdún 1983, kọ́ irú àwọn ilé yìí kí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lè ríbi forí pamọ́ sí. Àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti oníṣòwò ló ń jí jáde níbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n yìí wà lára wọn, owó gọ́ọ̀fù ló sì fi ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ níléèwé.

Ìwé kan ló mú mi bá a lọ. Ọ̀gá àwọn kádì ló pín in fún wọn lọ́jọ́ mélòó kan ṣáájú ìdíje ọjọ́ náà. Wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ihò kan. Ẹni tó bá dúró lórí tíì, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, tó gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí bọ́ọ̀lù sì lọ tààrà wọ inú ihò, òun ni yóò gbé ọkọ̀ náà lọ sílé. Hole-in-one ni wọ́n ń pè é lórí gbogbo pápá. Ṣùgbọ́n òfin wẹ́wẹ́ ló kún ojú ìwé náà láti òkè délẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì fẹ́ kí a jọ kà á.

"Àbúrò, mo mọ gọ́ọ̀fù," ó wí fún mi. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìwé yìí mọ̀ mí."

A kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboòrùn onílọ́tò kan, irú èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Baba Ìjẹ̀bú. Ó ti kọ nọ́ńbà àná sára pátákó, àwọn àgbàlagbà méjì sì ń bá a ṣírò. Kò sí ẹni tó ń ta lọ́tò ní Jakande tí kò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì tó bá sọnù ti bá owó lọ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló mọ òfin yẹn kí wọ́n tó yọ náírà lápò. Bó ṣe yẹ kí ti ọkọ̀ orí pápá gọ́ọ̀fù náà rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú ọkọ̀ ẹ̀bùn kò rí ìwé òfin rẹ̀ rí.

Nínú dánfó tó gbé wa lọ sí Òṣòdì la ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé ẹ̀bùn náà wà lábẹ́ ìdójútòfò. Láti inú ìlà yẹn ni gbogbo òfin yòókù ti jáde. Onígbọ̀wọ́ tó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ kì í sábà fi owó ara rẹ̀ dúró fún un. Yóò lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò, yóò san owó díẹ̀ fún wọn, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀kan, ilé-iṣẹ́ yẹn ni yóò san owó ọkọ̀ náà. Nítorí ìdí èyí, ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ mọ iye ènìyàn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, bí ọ̀nà ṣe jìn sí láti orí tíì dé ihò, àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Mo fi ìṣirò owó tí adójútòfò ń gbà han ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ìwé ọ̀hún. Ìdíwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé ẹni tí kì í fi gọ́ọ̀fù jẹun, tí wọ́n ń pè ní àmatọ̀, lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú 12,500 ìgbà tó bá gbá bọ́ọ̀lù sí ihò páà mẹ́ta, ihò tí wọ́n retí kí ènìyàn fi ìgbá mẹ́ta parí. Póró, ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan nínú 2,500. Ká ní 100 àmatọ̀ ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí ihò ẹ̀bùn, kí ọkọ̀ náà sì tó 40 mílíọ̀nù náírà. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 125 irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yóò lọ. Bí a bá pín 40 mílíọ̀nù sí 125, yóò jẹ́ 320,000 náírà, kí ilé-iṣẹ́ náà tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n bí mẹ́wàá nínú àwọn 100 náà bá jẹ́ póró tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, iye tó yẹ kí wọ́n gbà yóò gòkè dé 448,000. Póró kan ṣoṣo dà bí àmatọ̀ márùn-ún nínú ìwé adójútòfò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè.

Ẹ̀gbọ́n wo ìṣirò náà títí a fi sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì. "Ó yé mi," ó wí. "Ẹni tó fi orúkọ póró pamọ́ ti ba ẹ̀bùn jẹ́ fún gbogbo èèyàn."

Nígbà tí a dé pápá, níbi tábìlì ìforúkọsílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ póró àti àmatọ̀ ti kan ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje àwọn ọ̀gá, ìdíje kékeré ti àwọn kádì yóò tẹ̀lé e lọ́jọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ pé wọn yóò fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ti àwọn kádì. Ẹ̀gbọ́n bi obìnrin tó wà nídìí tábìlì pé, "Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ máa kọ sí iwájú orúkọ kádì? Àmatọ̀ ni àbí póró?"

Kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Àjọ R&A tó wà ní St Andrews ní Scotland ló ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé, òfin wọn la sì ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà. Kó tó di ọdún 2012, àmatọ̀ tó bá gba ọkọ̀ nítorí hole-in-one ti fi ipò àmatọ̀ rẹ̀ tọrẹ nìyẹn. Ẹlòmíràn a gbá bọ́ọ̀lù wọlé, yóò sì ní láti yan ọ̀kan: kó gbé ọkọ̀ lọ, tàbí kó máa bá ìdíje àwọn àmatọ̀ lọ. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2012 ni wọ́n ti fàyè gbà á. Nínú òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, ẹ̀bùn tí àmatọ̀ lè gbà nínú ìdíje lásán kò gbọ́dọ̀ ju 700 pọ́n-ún tàbí 1,000 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn hole-in-one kò sí lábẹ́ ààlà yẹn, bí ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù bá ti jìn tó 50 yáàdì sí ihò. Ní ti ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, àmatọ̀ lè gba ọkọ̀ kó sì sùn dáadáa.

Ní ti kádì, owó gbígbé àpò kò sọ ènìyàn di póró. Owó kíkọ́ni ní gọ́ọ̀fù ló lè ṣe é. Òfin R&A kò fàyè gba àmatọ̀ láti gba owó kó fi kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, àfi lábẹ́ àwọn ìmúkúrò tí wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ọ̀gá kan bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá náà a sì máa fún un ní nǹkan. Irú rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn kádì. Ọ̀pọ̀ póró ilẹ̀ wa ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àpò ẹlòmíràn, ọ̀nà tó sì gbé wọn débẹ̀ kò ní ààlà tí ojú lè rí. Ẹnì kan kò jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun ti di póró.

Obìnrin náà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an, n óò kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbìmọ̀ á sì bá adójútòfò sọ ọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé." Ìmọ̀ràn tó dára jù tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ohun tí wọ́n bá sọ kí bọ́ọ̀lù tó fò, ìgbìmọ̀ lè tún un ṣe. Bí ó bá di ẹ̀yìn tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ adójútòfò ni yóò tú ìgbésí ayé rẹ̀ wò, wọn yóò sì rí àwọn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn.

A rìn dé ihò ẹ̀bùn. Ọkọ̀ náà dúró sórí koríko, ríbọ́ọ̀nù pupa lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń dán nínú oòrùn òwúrọ̀. Pátákó ńlá wà níwájú rẹ̀. Orúkọ onígbọ̀wọ́ wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ hole-in-one náà sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Òfin kankan kò sí lára rẹ̀.

Ìwé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sọ pé ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dín ní 150 yáàdì, nǹkan bíi mítà 137. Òṣìṣẹ́ kan fi ẹ̀rọ ìwọ̀nnà wò ó láti orí tíì àwọn ọkùnrin: 165 yáàdì. Ẹ̀gbọ́n ní kó wo ti àwọn obìnrin. Ó wò ó: 138. Gbogbo wa wo ara wa. Àwọn obìnrin tó forúkọ sílẹ̀ san iye owó kan náà tí àwọn ọkùnrin san, wọn yóò dúró níwájú ọkọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, ìwé adójútòfò kò ní mọ̀ ọ́n.

Irú rẹ̀ ti dé ilé-ẹjọ́ rí. Ní ìlú Aberdeen ní South Dakota, ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan gbá hole-in-one ní pápá Moccasin Creek lọ́dún 1995, níbi tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ Ford ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kò tọ́ sí i. Ìwé ìdójútòfò wọn béèrè fún 170 yáàdì, tíì àwọn obìnrin kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà, ní ọdún 1999 wọ́n sì dá a láre. Òfin tó wà láàárín onígbọ̀wọ́ àti adójútòfò rẹ̀ kò di ẹrù ẹni tí wọn kò fi òfin ọ̀hún hàn.

Lórí pápá tiwa, òṣìṣẹ́ náà pe alága ìgbìmọ̀, alága wá, ó wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ. Kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó dé, wọ́n ti sún àmì tíì àwọn obìnrin sẹ́yìn fún ihò náà nìkan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje. Inú mi dùn sí alága yẹn. Ó tẹ́tí sí kádì.

Lẹ́bàá gíríìnì, níbi tí koríko ti kúrú tí àsíá sì ń fẹ́, àwọn ẹlẹ́rìí méjì jókòó sábẹ́ agboòrùn. Ìwé sọ pé ẹlẹ́rìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbátan wọn, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kádì wọn. Èyí dun ẹ̀gbọ́n.

"Èmi tí ojú mi kò kúrò lára bọ́ọ̀lù láti ìgbà tó ti gbéra, ẹ̀rí tèmi kò wúlò?"

Mo sọ fún un pé kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó bá gbá hole-in-one kì í fi kádì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò sì rọrùn láti fi ẹ̀rí ẹni tó ní ìpín nínú ọ̀ràn nìkan dájọ́. Síbẹ̀ ó yẹ kí wọ́n gba ẹ̀rí kádì mọ́ ti àwọn yòókù. Lórí pápá, ojú tó mọ bọ́ọ̀lù jù ni tirẹ̀.

Àwọn òfin yòókù kò le. Ìgbá kan ṣoṣo ni, inú ìdíje gan-an ló sì gbọ́dọ̀ ti wáyé, kì í ṣe nígbà ìdánrawò. Òṣìṣẹ́ onígbọ̀wọ́ àti ti adójútòfò kò lè jẹ ọkọ̀ náà. Ihò tí wọ́n dárúkọ nìkan ló kà. Ẹni tó bá gbá a wọ ihò páà mẹ́ta mìíràn lórí pápá kan náà yóò gba ìdùnnú, kò ní gba ọkọ̀.

Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, mo rí bí òfin ìgbá kan ṣoṣo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan gbá bọ́ọ̀lù wọ igbó. Ó gbé òmíràn kalẹ̀ lórí tíì, ó gbá a, bọ́ọ̀lù bọ́ sórí gíríìnì, ó yí, ó sì wọ ihò. Ariwo sọ. Àwọn kan ti ń sáré lọ sídìí ọkọ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí kò dìde. Ìgbá àkọ́kọ́ ni ọ̀kan, ìjìyà bọ́ọ̀lù tó sọnù ni èkejì, èyí tó wọlé di ẹ̀kẹta. Páà ló gbá. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ òfin, ó bọ́ fìlà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ mẹ́ta sínú káàdì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn mìíràn sún mọ́ ihò débi pé ọ̀pọ̀ fọwọ́ lérí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ti kọjá, awakọ̀ onígbọ̀wọ́ wọnú ọkọ̀, wọ́n tú ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ká pátákó. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí tí wọ́n fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ọ̀gá àwọn ṣe ní kí àwọn máa ṣe é nìyẹn. Ọ̀gá náà gbọ́n. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1987, ilé-iṣẹ́ Klick-Lewis tó ń ta ọkọ̀ ní Pennsylvania gbé Chevrolet Beretta kan sí tíì kẹsàn-án ní pápá Fairview fún ìdíje àánú kan. Ìdíje náà parí, wọ́n gbàgbé láti gbé ọkọ̀ àti pátákó kúrò. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn tó wá fún ìdíje mìíràn rí pátákó, ó gbá hole-in-one, ó sì béèrè ọkọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní in lọ́kàn fún un. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ ní ohun tí pátákó sọ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ. Ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, àdéhùn ti wà. Ní North Dakota lọ́dún 1974 pẹ̀lú, pápá oníhò mẹ́sàn-án ni wọ́n yípo lẹ́ẹ̀mejì kó lè pé méjìdínlógún. Wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọ ihò kẹjọ. Ọkùnrin kan gbá a wọ ihò yẹn nígbà tó padà débẹ̀, tí nọ́ńbà ibẹ̀ ti di ìkẹtàdínlógún. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tó kọ òfin tí kò yé ni ló gbọ́dọ̀ jìyà àìyéni náà.

Ìlànà tó wà nídìí ẹjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àìsọ̀rọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ orí burúkú. Ní Nàìjíríà, òfin ìdójútòfò ti ọdún 2003, tí òfin tuntun rọ́pò lọ́dún 2025, ló ti ní kí owó kọ́kọ́ wọlé kí ìdójútòfò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2013 sì ni NAICOM, àjọ tó ń mójú tó ìdójútòfò, ti fi ọwọ́ líle mú un. Onígbọ̀wọ́ tó ní òun yóò sanwó lẹ́yìn ìdíje kò ní ìdójútòfò kankan lọ́wọ́. Àpò rẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti jáde, tàbí kí ìjà dé. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ìwé tí wọ́n kọ lédè tó yé ni. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó sanwó láti gbá bọ́ọ̀lù níwájú ọkọ̀ ẹ̀bùn, tàbí kádì tó ń gbé àpò rẹ̀, kò fi ní gbádùn irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti níbi gbogbo ṣe kò wọ́n. Kí wọ́n lẹ òfin mọ́ pátákó tó wà níwájú ọkọ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Kí wọ́n wọn ọ̀nà láti orí gbogbo tíì, ti obìnrin àti ti àgbàlagbà pẹ̀lú, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. Kí wọ́n sọ ní kedere ibi tí kádì dúró sí, àti ọjọ́ tí ìlérí náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kí ìgbìmọ̀ rí rìsíìtì owó ìdójútòfò kí wọ́n tó jẹ́ kí ọkọ̀ kan wọ orí koríko. Mẹ́ńbà ẹgbẹ́ ní lọ́yà tó lè bá a ka ìwé. Ọkùnrin tó jí ní ìdájí ní Jakande láti wá gbé àpò kò ní. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ fa èrò wá sórí pápá, òun ló jẹ ọkùnrin yẹn ní gbèsè àlàyé, kó sì san án kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù.